Ọ̀gànwó: Kí ni àyẹ̀wò 'antioxidant' lè sọ nípa èèpo igi tí wọ́n ń tà ní Accra, kí sì ni kò lè sọ?

Ní ọjà Makola àti Timber Market nílùú Accra, kò ṣòro láti rí èèpo igi rà. Àwọn tó ń tà á, irú àwọn tí wọ́n ń pè ní ẹlẹ́wẹ́ ọmọ lọ́jà Yorùbá, máa ń dì í ní ìdì kéékèèké sẹ́gbẹ̀ẹ́ egbò, ataare àti oríṣìíríṣìí èso gbígbẹ. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ òun kò tó, ẹni tí ibà ń dà láàmú, ẹni tí inú ń run, kálukú ló ní èèpo tirẹ̀ níbẹ̀.

Ọjà kékeré kọ́. Ìwádìí kan nípa òwò egbòogi ní Ghana fojú bù ú pé nǹkan bíi 951 tọ́ọ̀nù egbòogi tí wọn kò tíì sè tàbí rọ sínú ìgò ni wọ́n tà láwọn ọjà orílẹ̀èdè náà lọ́dún 2010 nìkan. Owó rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù méje dọ́là Amẹ́ríkà.

Lára àwọn èèpo tó gbajúmọ̀ jù nínú òwò yìí ni ti igi mahogany, igi tí Yorùbá ń pè ní ọ̀gànwó.

Tẹ́lẹ̀, ẹ̀rí tó wà lẹ́nu àwọn tó ń tà á ni pé àwọn bàbá ńlá wọn lò ó, ó sì ṣiṣẹ́. Lóde òní, ẹ̀rí mìíràn ti kún un: pé àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti yẹ èèpo náà wò, wọ́n sì rí i pé antioxidant pọ̀ nínú rẹ̀.

Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀pọ̀ ìwádìí láti Ghana, Nàìjíríà àtàwọn orílẹ̀èdè mìíràn ló ti fi hàn pé èèpo ọ̀gànwó ní àwọn èròjà bẹ́ẹ̀. Àmọ́ báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe àyẹ̀wò náà? Ṣé èèpo tó bá yege nínú rẹ̀ ti di oògùn nìyẹn?

Igi wo ni ọ̀gànwó?

Khaya ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fún ìdílé igi yìí. Ó ju ẹyọ kan lọ tó wà ní Ghana. Khaya senegalensis ló wọ́pọ̀ ní ilẹ̀ ọ̀dàn àríwá, nígbà tí Khaya ivorensis jẹ́ ti igbó kìjikìji ní gúúsù. Àwọn tó ń sọ èdè Twi ń pe ti igbó ní dubini, àwọn Hausa sì ń pe ti ọ̀dàn ní madaci.

Pákó rẹ̀ tó pọ́n ni ayé fi mọ̀ ọ́n jù, òun ni wọ́n fi ń ṣe àga, ilẹ̀kùn àti bẹ́ẹ̀dì olówó ńlá. Wọ́n tún máa ń gbìn ín sẹ́bàá títì nítorí ibòji rẹ̀.

Èèpo rẹ̀ ni ti àwọn tó ń ṣe àgbo. Ó korò gan-an. Láti Senegal títí dé Nàìjíríà, wọ́n ń sè é fún ibà, inú rírun àti àìtó ẹ̀jẹ̀. Àwọn kan máa ń lọ̀ ọ́ ní àgúnmu, àwọn mìíràn a rẹ ẹ́ sínú ọtí. Ní Ghana, akpeteshie tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n àbúrò ògógóró ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fi rẹ irú èèpo bẹ́ẹ̀, tí wọ́n á sì máa mu ún ní ife kékeré kí wọ́n tó jẹun.

Láti orí àtẹ dé yàrá àyẹ̀wò

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ fún ẹni tó bá fẹ́ yẹ èèpo wò ni láti mọ igi tó ti wá. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré, nítorí bí wọ́n bá ti bó èèpo kúrò lára igi tí ó sì gbẹ, ọ̀pọ̀ wọn ló jọra. Mahogany tí wọ́n ń tà lọ́jà lè jẹ́ ọ̀kan nínú Khaya mẹ́rin tó wà ní Ghana, tàbí kí ó má tiẹ̀ jẹ́ Khaya rárá.

Ìdí nìyí tí àwọn olùwádìí fi máa ń já ewé, òdòdó tàbí èso igi náà mọ́ èèpo, tí wọ́n á sì gbé e lọ síbi tí wọ́n ń tọ́jú àpẹẹrẹ ewéko pamọ́ sí. Ní Accra, Ghana Herbarium tó wà nínú ọgbà fásitì Ghana ní Legon ni irú ibi bẹ́ẹ̀. Wọ́n á fún àpẹẹrẹ náà ní nọ́ńbà, kí ẹni tó bá fẹ́ tún ìwádìí náà ṣe lẹ́yìn ogún ọdún lè mọ igi tí wọ́n lò gan-an.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á fọ èèpo náà, tí wọ́n á sì sá a sí ibòji títí yóò fi gbẹ. Wọn kì í sábà sá a sínú oòrùn gangan, torí pé ooru àti ìmọ́lẹ̀ lè ba àwọn èròjà kan jẹ́. Tó bá gbẹ tán, wọ́n á lọ̀ ọ́ kúnná.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n á rẹ ẹ́ sínú omi, ethanol tàbí methanol. Ó lè wà níbẹ̀ fún ọjọ́ kan tàbí ọjọ́ mẹ́ta, tí wọ́n á máa mì ín. Wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á sì fi ẹ̀rọ kan tó ń mú kí ohun olómi tètè gbẹ láì jẹ́ pé ó gbóná púpọ̀ fa methanol tàbí ethanol náà jáde. Ohun tó bá kù máa ń dúdú, ó sì máa ń ki. Òun gan-an ni wọ́n máa ń yẹ̀ wò.

Ibí yìí ni ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí aráàlú kíyèsí wà. Methanol lágbára láti fa oríṣìíríṣìí èròjà jáde lára èèpo ju omi lọ, ṣùgbọ́n májèlé ni, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mu ún. Bí ìwádìí kan bá sọ pé ohun tí methanol fà jáde lára èèpo dára púpọ̀, kò túmọ̀ sí pé ohun kan náà ló wà nínú èyí tí wọ́n fi omi sè nílé, tàbí èyí tó wà nínú akpeteshie. Èèpo kan náà ni, ṣùgbọ́n àgbo ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

Wíwá ohun tó wà nínú rẹ̀

Àwọn àyẹ̀wò tó tẹ̀lé e kò le. Ọmọ iléèwé gíga tó ń kọ́ nípa kẹ́místrì lè ṣe púpọ̀ nínú wọn.

Tí wọ́n bá da omi èèpo náà sínú ìgò kékeré tí wọ́n mì ín dáadáa, tí ó sì hó bíi ọṣẹ tí ìhó náà kò tètè lọ, ó ṣeé ṣe kí saponin wà nínú rẹ̀. Tí wọ́n bá kán ferric chloride sí i, tí ó di dúdú tó jọ aró tàbí dúdú tó jọ ewé, a jẹ́ pé tannin tàbí èròjà tó bá a tan wà níbẹ̀. Oògùn kan tí wọ́n ń pè ní Dragendorff máa ń mú kí nǹkan aláwọ̀ ọsàn rọ̀ sí ìsàlẹ̀ ìgò tí alkaloid bá wà níbẹ̀.

Àyẹ̀wò wọ̀nyí ń sọ irú èròjà tó wà níbẹ̀, kì í ṣe orúkọ ẹyọ èròjà kọ̀ọ̀kan, kì í sì í ṣe iṣẹ́ tí yóò ṣe lára èèyàn. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn bá gbóòórùn ọbẹ̀ láti ìta, tó mọ̀ pé ẹja wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n tí kò mọ irú ẹja tàbí iye rẹ̀.

Kí ni antioxidant?

Ẹ wo iṣu tí wọ́n bó tí wọn kò tètè sè. Kò ní pẹ́ tí ara rẹ̀ á fi bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú. Ẹ wo irin tí òjò ń pa, ó ń dípẹtà. Epo tó pẹ́ jù nínú ìgò a máa kan. Atẹ́gùn oxygen lọ́wọ́ nínú gbogbo rẹ̀.

Ohun tó jọ èyí ń ṣẹlẹ̀ nínú ara. Bí ara ṣe ń lo oúnjẹ àti atẹ́gùn láti ní agbára, ó máa ń pèsè àwọn nǹkan tí wọ́n ń pè ní free radical. Electron kan ṣàì pé lára wọn, nítorí náà wọ́n á máa wá ibi tí wọ́n ti lè já ti ẹlòmíràn gbà. Sìgá, èéfín àti àwọn àìsàn kan máa ń mú kí wọ́n pọ̀ sí i. Lọ́dún 1956, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà kan, Denham Harman, dábàá pé wọ́n lọ́wọ́ nínú bí ara ṣe ń gbó.

Antioxidant ni èròjà tó lè fún free radical ní ohun tó ń wá, kí ó sì jókòó jẹ́ẹ́. Fítámì C àti fítámì E wà lára wọn. Àwọn igi náà máa ń pèsè tiwọn, pàápàá jù lọ nínú èèpo, torí pé èèpo ni aṣọ tí igi fi ń dáàbò bo ara rẹ̀ lọ́wọ́ kòkòrò, olú àti oòrùn.

Omi elésè àlùkò tó ń di ìyeyè

Àyẹ̀wò tí wọ́n sábà ń lò láti mọ èyí ni wọ́n ń pè ní DPPH. Onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Marsden Blois ló ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì Nature lọ́dún 1958, wọ́n sì ń lò ó káàkiri ayé títí di òní. Kò wọ́n, kò sì gba àkókò, ìdí nìyí tí àwọn yàrá àyẹ̀wò tí owó wọn kò pọ̀ fi fẹ́ràn rẹ̀.

DPPH fúnra rẹ̀ jẹ́ free radical. Tí wọ́n bá pò ó mọ́ methanol, àwọ̀ rẹ̀ máa ń dà bí elésè àlùkò. Wọ́n á wá da omi èèpo sí i, wọ́n á gbé e sínú òkùnkùn fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Tí antioxidant bá wà nínú èèpo náà, yóò fún DPPH ní electron tó ń wá, àwọ̀ elésè àlùkò náà yóò sì máa ṣá títí yóò fi di ìyeyè.

Ojú lè rí i, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Ẹ̀rọ náà máa ń tan ìmọ́lẹ̀ tí gígùn ìgbì rẹ̀ jẹ́ nánómítà 517 gba inú omi náà kọjá, kí ó lè mọ iye àwọ̀ tó ṣẹ́kù. Wọ́n á ṣe bákan náà fún fítámì C, kí wọ́n lè fi èèpo wé ohun tí gbogbo ayé ti mọ̀.

Èsì rẹ̀ máa ń jáde ní nọ́ńbà tí wọ́n ń pè ní IC50. Òun ni ìwọ̀n èèpo tí wọ́n nílò kí ìdajì DPPH náà tó kásẹ̀ nílẹ̀. Bí nọ́ńbà náà bá ṣe kéré sí ni èèpo náà lágbára sí, torí pé díẹ̀ nínú rẹ̀ ló ṣe iṣẹ́ náà. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń ka irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ máa ń gbé e gba òdìkejì.

Ohun tí àwọ̀ náà kò sọ

Tí omi elésè àlùkò bá di ìyeyè, ohun kan ṣoṣo ló ti fìdí múlẹ̀: nǹkan kan wà nínú èèpo náà tó lè fún DPPH ní electron. DPPH kì í sì í ṣe ohun tó wà nínú ara èèyàn. Inú ìgò ni gbogbo rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀.

Èèpo tí èèyàn bá mu gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ la ikùn kọjá. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn èròjà tó ń yí àwọ̀ DPPH padà kì í fi bẹ́ẹ̀ wọnú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀dọ̀ sì máa ń yí èyí tó bá wọlé padà sí nǹkan mìíràn.

Iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ètò ọ̀gbìn kẹ́kọ̀ọ́ yìí. Nígbà kan, wọ́n gbé àkójọ kan sórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń sọ bí agbára antioxidant ṣe tó nínú oúnjẹ kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú àyẹ̀wò inú ìgò mìíràn tí wọ́n ń pè ní ORAC. Lọ́dún 2012, wọ́n yọ ọ́ kúrò. Wọ́n ní ẹ̀rí ń pọ̀ sí i pé nọ́ńbà wọ̀nyẹn kò bá ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ìlera èèyàn mu, àti pé àwọn iléeṣẹ́ tó ń ta oúnjẹ àti oògùn afáralókun ń fi polówó ọjà lọ́nà tí kò yẹ.

Ìwádìí kan tó dá àwọn onímọ̀ níjì ju èyí lọ wáyé ní Finland. Wọ́n fún àwọn ọkùnrin tó ń mu sìgá ní beta-carotene, èròjà antioxidant tó wà nínú kárọ́ọ̀tì àti epo pupa, láti wò ó bóyá yóò dín àrùn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró kù. Ọkùnrin 29,133 ló kópa. Nígbà tí èsì jáde lọ́dún 1994, àwọn tó lo beta-carotene ló ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró jù, pẹ̀lú ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún ju àwọn tí kò lò ó lọ.

Èyí kò sọ kárọ́ọ̀tì tàbí epo pupa di májèlé. Ohun tó fi hàn ni pé èròjà tó ṣe dáadáa nínú ìgò lè hùwà mìíràn nígbà tó bá di oògùn tí èèyàn ń gbé mì lójoojúmọ́.

Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń wá, tannin ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ yìí kan èèpo ọ̀gànwó gan-an, torí pé àìtó ẹ̀jẹ̀ wà lára ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń tìtorí rẹ̀ mu ún.

Tannin wà lára àwọn èròjà tó ń jẹ́ kí èèpo igi yege nínú àyẹ̀wò DPPH. Òun ló máa ń mú kí ẹnu kí pọ̀ bí ìgbà tí èèyàn jẹ obì tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò pọ́n. Ó máa ń lẹ̀ mọ́ nǹkan, ìdí nìyí tí àwọn oníṣẹ́ awọ fi ń lò ó láti sọ awọ ẹran di awọ bàtà.

Àmọ́ tannin tún máa ń lẹ̀ mọ́ èròjà iron tó wà nínú oúnjẹ, pàápàá èyí tó wá láti inú ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà, tí ara kò sì ní lè gbà á dáadáa mọ́. Ohun kan náà ló fà á tí àwọn elétò ìlera fi ń gba ẹni tí iron kò tó lára rẹ̀ nímọ̀ràn pé kí ó má mu tíì pẹ̀lú oúnjẹ. Iron yìí ni ara sì ń lò láti ṣe ẹ̀jẹ̀.

Nítorí náà, èròjà tó gba máàkì tó dára jù nínú àyẹ̀wò antioxidant lè jẹ́ ohun tí ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó kò fẹ́ kó pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ oúnjẹ rẹ̀. Kì í ṣe pé èyí fi hàn pé àgbo ọ̀gànwó kò wúlò. Ó fi hàn pé ìbéèrè tó yẹ kí wọ́n bi èèpo náà nípa ẹ̀jẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí DPPH ń dáhùn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó ń fún èèyàn lẹ́jẹ̀ gbọ́dọ̀ wọn ẹ̀jẹ̀ àwọn tó mu ún ṣáájú àti lẹ́yìn, kí ó sì fi wọ́n wé àwọn tí kò mu ún.

Ohun mìíràn tún wà. Àìtó iron nìkan kọ́ ló ń fa àìtó ẹ̀jẹ̀. Ibà, aràn inú àti àrùn fòníkú fọ̀ladìde wà lára ohun tó ń fà á ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Aboyún tàbí ọmọdé tó ń mu àgbo nítorí pé ojú rẹ̀ funfun lè máa fi àkókò tó yẹ kó fi ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ṣòfò.

Ǹjẹ́ ó lè pa èèyàn lára?

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ohun tó bá ti ara igi wá kò lè ṣe ènìyàn ní jàm̀bá. Yàrá àyẹ̀wò kì í gba irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ láìyẹ̀ ẹ́ wò.

Wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ fún eku ní ìwọ̀n tó pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n á sì máa ṣọ́ wọn fún ọjọ́ mẹ́rìnlá. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fún àwọn eku mìíràn ní ìwọ̀n tó kéré lójoojúmọ́, tó lè tó àádọ́rùn-ún ọjọ́, kí wọ́n tó yẹ ẹ̀dọ̀, kíndìnrín àti ẹ̀jẹ̀ wọn wò.

Lọ́dún 2003, àwọn olùwádìí kan ní Nàìjíríà gbé èsì jáde nínú ìwé ìròyìn Journal of Ethnopharmacology lórí ohun tí èèpo Khaya senegalensis tí wọ́n fi ethanol fà jáde ṣe sí kíndìnrín eku. Wọ́n rí àwọn àyípadà tó fi hàn pé ó lè kan bí kíndìnrín ṣe ń ṣiṣẹ́. Eku kì í ṣe èèyàn, ìwádìí kan ṣoṣo kò sì parí ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ó tó láti má fi ìgò àgbo sílẹ̀ fún mímu láìní òdiwọ̀n.

Èèpo fúnra rẹ̀ lè má lẹ́bi rárá, kí ewu wá láti ibòmíràn. Igi tó wà lẹ́bàá títì máa ń gba eruku àti èéfín ọkọ̀ sára. Èèpo tí wọ́n sá sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lè ní kòkòrò àìfojúrí tàbí ebu. Ìdí nìyí tí àyẹ̀wò tó péye fi máa ń wá òjé, mercury àti kòkòrò nínú egbòogi, láfikún sí ohun rere tó wà níbẹ̀.

Ọ̀nà tí Ghana gbà

Ghana bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí tipẹ́. Ní ìlú Mampong, lórí òkè Akuapem ní àríwá Accra, dókítà kan tó ń jẹ́ Oku Ampofo, tó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn òyìnbó ní Edinburgh tó sì tún jẹ́ ọ̀gá nínú iṣẹ́ ọnà ère, fi ọ̀pọ̀ ọdún kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀. Lọ́dún 1975, ìjọba Ghana dá ibùdó ìwádìí nípa ewéko ìṣègùn sílẹ̀ níbẹ̀, òun ló sì kọ́kọ́ darí rẹ̀. Centre for Plant Medicine Research ni wọ́n ń pè é lónìí. Ó ní ilé ìwòsàn níbi tí wọ́n ti ń fi oògùn ìbílẹ̀ tọ́jú aláìsàn, ó sì ń ṣe àyẹ̀wò egbòogi tí àwọn mìíràn bá gbé wá.

Lọ́dún 2000, iléegbìmọ̀ aṣòfin ṣe òfin tó dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀ láti máa forúkọ àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ sílẹ̀. Ní 2001, fásitì KNUST ní Kumasi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìmọ̀ egbòogi títí dé ipele oyè fásitì. Láti nǹkan bí ọdún 2011, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ẹ̀ka egbòogi sínú àwọn ilé ìwòsàn rẹ̀ kan.

Iléeṣẹ́ FDA tó ń rí sí oúnjẹ àti oògùn ló ń pinnu egbòogi tó lè wọnú ìgò lọ sọ́jà. Òfin ìlera tí wọ́n ṣe lọ́dún 2012 tún ní àkọsílẹ̀ àwọn àrùn tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ polówó fún aráàlú pé òun ní oògùn tó ń wò wọ́n sàn.

Àpẹẹrẹ bí ọ̀nà náà ṣe gùn wà lára nibima, egbò kan tí wọ́n ti ń lò fún ibà ní Ghana látọjọ́ pípẹ́. Ní oṣù kínní ọdún 2021, FDA fọwọ́ sí i kí àwọn olùwádìí láti KNUST dán an wò lára èèyàn bóyá yóò ṣiṣẹ́ fún àrùn covid. Àṣẹ láti dán an wò ni, kì í ṣe àṣẹ láti máa tà á fún covid. Ìyàtọ̀ tó wà láàrín méjèèjì ni ọ̀pọ̀ ìpolówó máa ń gbójú fò.

Èèpo tó di oògùn, àti orin tó ṣì wà lójú ọ̀nà

Èèpo igi ti fún ayé ní oògùn rí. Ìgbà kan wà tí èèpo igi cinchona láti Gúúsù Amẹ́ríkà ni oògùn ibà tó lágbára jù. Lọ́dún 1820, àwọn ará Faransé méjì, Pelletier àti Caventou, yọ quinine jáde láti inú rẹ̀.

Ohun tó sọ quinine di oògùn ni pé wọ́n mọ ẹyọ èròjà tó ń ṣiṣẹ́ náà, tí wọ́n lè wọ̀n ọ́n, kí dókítà sì lè sọ iye tí ọmọdé tàbí àgbà yóò lò. Agbára antioxidant kò sí nínú ìdí náà.

Nítòsí ilé, ẹ wo orin àta tí Yorùbá fi ń rin ẹnu láàárọ̀. Ní fásitì Ifẹ̀, àwọn olùwádìí, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Abayomi Sofowora wà lára wọn, kọ ọ́ jáde lọ́dún 1971 pé omi egbò rẹ̀ lè mú kí àwọn ẹ̀jẹ̀ tó ti tẹ̀ bí dòjé nítorí àrùn fòníkú fọ̀ladìde padà sípò nínú ìgò. Ìròyìn ayọ̀ ni. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún báyìí, orin àta kò sì tíì di oògùn tí dókítà ń kọ fún àwọn tó ní àrùn náà káàkiri ayé. Láti inú ìgò dé ara èèyàn, ìrìnàjò tó jìn ni.

Igi náà ńkọ́?

Bí òkìkí èèpo ṣe ń kàn, igi ló ń san owó rẹ̀. Abẹ́ èèpo ni oúnjẹ tí ewé sè ń gbà lọ sí gbòǹgbò. Tí wọ́n bá bó èèpo yí igi po, gbòǹgbò kò ní rí oúnjẹ mọ́, igi náà yóò sì kú ní ìdúró.

Lóṣù Kọkànlá ọdún 2022, níbi ìpàdé àjọ CITES ní Panama, àwọn orílẹ̀èdè fi àwọn igi Khaya ilẹ̀ Áfíríkà sábẹ́ òfin tó ń ṣọ́ òwò ohun ẹlẹ́mìí láàrín orílẹ̀èdè sí orílẹ̀èdè. Àmọ́ ìtì igi, pákó àti ohun tí wọ́n fi igi ṣe ni òfin náà ń wò. Èèpo tó wà lórí àtẹ ní Accra kò sí nínú rẹ̀.

Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí máa ń bó èèpo lápá kan, wọ́n á fi apá kejì sílẹ̀ kí ojú ọgbẹ́ náà lè san kí wọ́n tó padà wá. Àwọn olùwádìí kan náà ti ń yẹ ewé àwọn igi bẹ́ẹ̀ wò, bóyá wọ́n á rí ohun kan náà níbẹ̀, torí pé ewé tí wọ́n já a máa tún hù.

Kí ló yẹ kí ẹni tó fẹ́ mu ún béèrè?

Bí ẹnìkan bá sọ pé wọ́n ti yẹ èèpo tàbí ìgò àgbo kan wò, àwọn ìbéèrè yìí lè ran ẹni tó fẹ́ rà á lọ́wọ́:

- Àyẹ̀wò wo ni wọ́n ṣe? Ti antioxidant nìkan ni, àbí wọ́n tún yẹ ewu rẹ̀ fún ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín wò?
- Inú ìgò, lára eku, àbí lára èèyàn ni wọ́n ti ṣe é?
- Ṣé bí wọ́n ṣe ṣe é ní yàrá àyẹ̀wò ni wọ́n ṣe ṣe èyí tí wọ́n ń tà, àbí ọtí ni wọ́n fi rẹ ẹ́?
- Ṣé nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ FDA wà lára ìgò náà, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, ọjọ́ tí yóò bàjẹ́ àti ìwọ̀n tó yẹ kí èèyàn mu? Ní Nàìjíríà, NAFDAC ni wọ́n á wò fún.
- Ṣé ẹni tó fẹ́ mu ún lóyún, ń fún ọmọ lọ́yàn, ní àìsàn kíndìnrín, tàbí ó ń lo oògùn mìíràn? Ó yẹ kí dókítà rẹ̀ mọ̀ nípa àgbo náà.

Tó bá jẹ́ pé àìtó ẹ̀jẹ̀ ló gbé èèyàn dé ìdí àtẹ èèpo, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní ilé ìwòsàn ló yẹ kó ṣáájú, kí ó lè mọ̀ bóyá iron, ibà, aràn tàbí nǹkan mìíràn ló fà á. Àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe fún èèpo kò lè rọ́pò èyí tó yẹ kí wọ́n ṣe fún ẹni tó fẹ́ mu ún.